Yàrá Eyínfúnjowó ní Ìkẹjà

Sàfúrátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Òpómúléró. Ọmọ aṣọ tí í bo ìdí ọlọ́mọge, tí í bo ìdí arúgbó. Bí aṣọ ò bá sí, ojú ta ni à bá lè wò? Ọmọ Àjílété ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbẹ̀kẹ́ a-rẹ́rìn-ín-múlé-dùn, eléyín funfun bí owó ẹyọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyá Ráfátù. Ìyá Múfútàù tí kò bí i. Sùn re o.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ ilé wa á ti máa wo ara wọn báyìí pé kí ló ṣe ìyá yìí. Ìyàwó ni mo jẹ́ nílé Òpómúléró, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ìbáà jẹ́ ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ ni. Yóò wá orúkọ dídùn kan sọ ọ́, òun ni yóò sì máa pè é títí ikú á fi yà wọ́n. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, Sàfúrátù ń lọ sí bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò ọkọ mi ni, àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Òun ni wọ́n ní kó gbé omi wá, òun ló da omi sí mi lẹ́sẹ̀ kí n tó tẹ ẹnu ọ̀nà. Ó da omi tán, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Láti ilé bàbá mi ni mo ti ń sunkún bọ̀. Mo rí eyín yẹn, ẹkún dá lójú mi. Mo ní, "Èyí á máa jẹ́ Eyínfúnjowó."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní "Eyínfúnjowó, ọkọ mi," òun á ní "Ìyàwó mi." Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ìyàwó rẹ̀ ni mo sì jẹ́.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹbí máa ń sọ nípa èmi àti ẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yìn mí. Irọ́ ni ìtàn náà. Mo fẹ́ kọ bó ṣe rí gan-an sílẹ̀, kí ojú lè ti ẹni tó yẹ kí ojú tì.

*

Ìdálẹ̀ méjì ni mo ti gbé láyé mi. Mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Agége nígbà tí ara ṣì le. Mo kúrò ní Agége lọ sí Ìkẹjà nígbà tí orúnkún ti ń dùn mí. Ẹni tó bá dúró ní Dópẹ̀mú á sọ pé kí ènìyàn tó jẹ ìṣù àkàrà kan tán ó ti dé Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ìrìn kejì yẹn jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní Agége, ará ilé la bá nílẹ̀. Ọkọ mi ń jó irin pọ̀ ní Dópẹ̀mú. Èmi ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ọ̀rẹ́gùn, à ń gé òwú tó bá yọ létí aṣọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gé òwú. Ariwo ẹ̀rọ yẹn pọ̀ débi pé ojú àti ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo rántí gbogbo wa lórí tábìlì kẹta: Sìkírátù ará Ìsẹ́yìn, Comfort ọmọ Calabar, Ìyá Ìbejì ará Ìjẹ̀bú-Igbó, àti Bọ́sẹ̀ tó mọ oorun sùn lórí ìdúró bí ẹṣin.

Èérún òwú máa ń bá wa wálé nínú irun àti aṣọ. Múfútàù ọmọ mi pé ọmọ ọdún méjì, ikọ́ dè é mọ́lẹ̀. Eyínfúnjowó ló wá láti ilé. Kò tíì jókòó tó fi na ọwọ́.

"Ìyàwó mi, gbé ọmọ mi fún mi."

Ó pọ̀n ọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Múfú wà títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí a gbà á padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sunkún. "Mo fẹ́ Màmá mi. Mo fẹ́ Màmá mi." Èmi tí mo bí i, mo dúró síwájú rẹ̀, mo gbé oúnjẹ dání. Òwú ló lé ọmọ mi lọ, owú ni mo fi gbà á padà. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Yàrá kan ṣoṣo la ní ní Dópẹ̀mú. Síbẹ̀ kò sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá sí Èkó nígbà náà tí kò sùn níbẹ̀. Bí mẹ́fà bá dé, mẹ́fà á sùn. A ó tẹ́ ẹní dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ tọ̀ á máa fo orí ènìyàn bí ẹni ń fo ebè. Eyínfúnjowó ti sùn níbẹ̀ àìmọye ìgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀yìn mi. Yàrá kan náà ni, ojú ò tì mí. Ìgbà wo ni ìtìjú wá wọlé? Mo ti wádìí ẹ̀ nínú ara mi títí, mi ò rí ọjọ́ rẹ̀.

*

Ọkọ mi kú. Àwọn ọmọ onílé ta ilé. Múfú ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ilé alájà mẹ́rìnlá ni, ní ẹ̀yìn Allen, bí ènìyàn bá ń kọjú sí Ọ̀rẹ́gùn. Àjà kọkànlá ni tiwa. Lífìtì ló ń gbé wa lọ sókè, yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo bá ẹni márùn-ún níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀kan yọ nǹkan létí.

"Sorry, ma?"

"Mo ní ẹ káàárọ̀ ni."

"Oh. Morning, ma." Ó ki nǹkan rẹ̀ padà sétí.

Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Àṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó ń gbé òdìkejì wa, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn, oṣù márùn-ún ni mo fi gbé ibẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Ní Dópẹ̀mú, bí ènìyàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan á ti béèrè oògùn tó lò.

Sátidé kìíní, mo ní kí n gún iyán fún ọmọ mi. Mo ti lu odó bí ìgbà mẹ́wàá nígbà tí fóònù ara ògiri dún. Friday ló ń pè, ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Ọmọ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé Agége pẹ́ débi pé ó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tèmi lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀gá tó wà ní àjà kẹwàá ní àjà ilé ti fẹ́ já lé òun lórí."

Mo wolẹ̀. Àṣé orí ẹlòmíràn ni mo gbé odó lé.

Ilé náà dára o, mi ò ní fi ẹnu bà á jẹ́. Omi ń jáde lára ògiri, gbígbóná àti tútù. Láti bákónì, mo lè rí òrùlé ilé iṣẹ́ wa ní Ọ̀rẹ́gùn. Ọdún mọ́kàndínlógún lábẹ́ òrùlé kan, n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ó ti dógùn-ún. Wọ́n ní àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n yàrá kan ni ilé náà ní. Yàrá kan, pálọ̀ kan, àti ilé ìdáná tí ẹni méjì ò lè yí padà nínú rẹ̀. Múfú, Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn Àmínà ń sùn ní yàrá. Èmi ń sùn ní pálọ̀, lórí àga gígùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ní láti ká ìbora mi, kí n ti ìrọ̀rí bọ ẹ̀yìn àga, kí pálọ̀ lè padà di pálọ̀. Bísọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ tó mọyì ènìyàn ni. Múfú máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ fara dà á, à ń wá ibi tó tóbi." Ohun tí wọ́n ní ni wọ́n pín fún mi. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí nílé yẹn. Èmi ni mo fi jẹ ara mi.

Mo ṣẹ́gun díẹ̀díẹ̀. Mo mọ lífìtì gùn láìdi ojú. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sínú garawa ọ̀dà ní bákónì, ó hù, ó gbilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin àjà kẹwàá yẹn, Ìfẹ́ànyí ni orúkọ rẹ̀, bá mi nínú lífìtì pẹ̀lú ìdì tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́.

"Mama, níbo lẹ ti rí ugu yìí?"

"Tẹ̀tẹ̀ ni, kì í ṣe ugu. Orí ẹ ni mo gbìn ín sí."

Ó rẹ́rìn-ín títí lífìtì fi ṣí. Mo fún un ní ìdì kan. Láti ìgbà náà gbogbo ilé ń pè mí ní Màmá Tẹ̀tẹ̀, ẹni mẹ́rin sì ń dá mi lóhùn nínú lífìtì. Mo mọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

*

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Eyínfúnjowó máa ń pè mí. Ìpè kìíní tó pè mí sí ilé yẹn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé lọ sókè.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní o ti gun òkè àjà! Àjà mélòó?"

"Mẹ́rìnlá."

"Yéè! Ẹ ò ní máa gbọ́ ohùn àwọn màláíkà níbẹ̀? Yàrá mélòó ni Múfú mi ní nínú ẹ̀?"

Múfú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni. Ọkùnrin yẹn ti ń hu irùngbọ̀n, síbẹ̀ mo gbọ́ "Mo fẹ́ Màmá mi" ní etí mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ tí mo gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣòfò lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ní, "Mẹ́rin."

"Mẹ́rin! Àṣé ọ̀kan jẹ́ tèmi nìyẹn."

"Ọ̀kan jẹ́ tiyín, Eyínfúnjowó."

"Ojú ibo ni fèrèsé rẹ̀ kọ?"

"Ọ̀rẹ́gùn."

Bí irọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ dà bí àlejò tí a sọ fún pé kó jókòó. Yóò béèrè omi, yóò béèrè oúnjẹ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò máa béèrè.

"Báwo ni yàrá mi?"

"A gbá a láàárọ̀ yìí."

"Kọ́tìnnì ńkọ́?"

"Búlúù."

"Hẹ̀n. Mo fẹ́ràn búlúù."

Wọ́n ní bí àwọn ará ilé bá bínú sí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò ní, "Ẹ má jẹ́ kí n kó lọ sí yàrá mi ní Ìkẹjà o!" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Bísọ́lá gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ń sọ lórí fóònù pé a ti nu ilẹ̀ yàrá, òun sì ń fi ọmú fún Àmínà lórí àga tí mo ń sùn sí.

"Màmá, yàrá ta ni ẹ nù?"

"Àlá ni mo ń rọ́ fún wọn."

Ó wò mí, ó gbé Àmínà sí ọmú kejì. Ojú tì mí ju bí ì bá ṣe tì mí ká ní ó bú mi.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Múfú àti Bísọ́lá wà níbi iṣẹ́, wọ́n ti gbé Àmínà lọ sílé ìtọ́jú ọmọ. Orúnkún ń dùn mí, mi ò ká ìbora mi nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti fọ aṣọ ọmọ, mo sá a yí ẹ̀yìn àga ká. Fóònù ara ògiri dún.

"Màmá Tẹ̀tẹ̀, ẹ káàsán o. Àlejò dé o."

"Àlejò wo?"

"Màmá kan báyìí, wọ́n gbé báàgì rù. Wọ́n ní àwọn ń jẹ́ Sàfúrátù, láti Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn Friday, ó ń sọ nǹkan, Friday sì ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ẹ lè má dá orúkọ yẹn mọ̀. Wọ́n ní kí n sọ pé Eyínfúnjowó ni. Wọ́n ní àwọn wá wo yàrá àwọn."

Mo fi fóònù sílẹ̀ kó máa fì, mo lọ yọjú ní bákónì. Láti àjà kọkànlá, ènìyàn kì í ju àtàǹpàkò lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdúró rẹ̀. Ó máa ń fì sí ọ̀tún díẹ̀, láti kékeré ni. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wòkè. Ó na ìka, ó ń ka fèrèsé lọ sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Mo fa ara sẹ́yìn.

Mo wo pálọ̀. Ìbora nílẹ̀. Aṣọ ìtọ̀ ọmọ lórí àga. Yàrá mẹ́rin. Kọ́tìnnì búlúù. Mo gbé fóònù.

"Friday, sọ fún wọn pé mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Eyínfúnjowó, Màmá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

"Màmá, abeg, ìyá yìí ti dàgbà, ẹ kàn sọ̀ kalẹ̀ wá wo ojú—"

"Ṣé o fẹ́ mọ ará ilé mi jù mí lọ ni?"

Ó ní, "No wahala, ma."

Mo ti pinnu pé mo máa sáré sọ̀ kalẹ̀, kí n sọ pé Friday ló gbọ́ mi sódì, kí n mú un lọ kí ará Dópẹ̀mú. Ó dájú pé mo pinnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo ká ìbora. Mo kó aṣọ ọmọ. Mo gbálẹ̀ pálọ̀. Mo wọ aṣọ tó dára. Nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀, orí òkúta tí àlejò máa ń jókòó sí létí géètì ti ṣófo.

Friday ò wo ojú mi. Ó fa àpò ọ̀rá kan jáde.

"Wọ́n jókòó díẹ̀. Mo fún wọn lómi mu. Wọ́n ní kí n gbé èyí fún yín."

"Ṣé o sọ ohun tí mo ní kí o sọ?"

"Mo sọ ọ́, ma."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n ní, 'Ó dáa. Ṣáà fún un.'"

Inú lífìtì ni mo ti tú ọ̀rá náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni, búlúù, pẹ̀lú aṣọ ìrọ̀rí méjì. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ etí ẹ̀, kò sí òwú kan tó yọ. Ẹni tó da omi sí mi lẹ́sẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ẹlòmíràn ló fún un lómi.

*

Ó pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dé ilé.

"Ìyàwó mi, gbọ́ bí mo ṣe gọ̀ lánàá! Mo fẹ́ bá ọ lójijì ni. Mo dé ẹnu ọ̀nà yín, mo bá sọ orúkọ mi fún ẹni tó wà níbẹ̀. Sàfúrátù! Mo gbàgbé pé ìyàwó mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Sàfúrátù. Níbo lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹ̀rín rẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò gbọ́ irú ìyẹn rí. Ó ń dúró dè mí.

Friday ti sọ orúkọ méjèèjì fún mi. Létí rẹ̀ ni Friday ti sọ ọ́. Ó mọ̀ pé mo gbọ́ Eyínfúnjowó, ó mọ̀ pé mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó wá hun irọ́ kan fún mi, ó nà án sí mi bí ẹni na ìró sí ẹni tí tirẹ̀ já bọ́ lọ́jà, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè ró o.

Mo gbà á. Mo ní, "Háà, Eyínfúnjowó! Ẹ̀ bá ti sọ orúkọ tí mo sọ yín!"

"Ṣé o rí i? Àṣìṣe mi ni." Ó mí. "Aṣọ yẹn ńkọ́, ṣé ó bá bẹ́ẹ̀dì mu?"

"Ó bá a mu."

"Kò kéré?"

"Kò kéré."

"Ó dáa."

Kò béèrè yàrá rẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Jímọ̀ dé, ó pè, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè Àmínà, ó béèrè tẹ̀tẹ̀. Kò béèrè yàrá. Mo ń retí ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń retí ẹgba.

Ìtàn náà wá gbalé kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri. "Ìyàwó mi bọ̀wọ̀ fún mi débi tó gbàgbé orúkọ mi!" Níbi ìgbéyàwó kan ní ilé, àáfà fi ṣe wàásù. Àwọn ìyá ọkọ ń fi kọ́ ìyàwó tuntun: ẹ wo ìyàwó tó lọ sí Ìkẹjà, tó gun àjà kọkànlá, tí kò gbàgbé àṣà ilé. Wọ́n pè mí láti kí mi. Mo ní ẹ ṣeun.

Mo ń fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn bora lórí àga. Ó tóbi jù ú, mo máa ń ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ní géètì, Friday ṣì ń kí mi, "Màmá Tẹ̀tẹ̀, ẹ káàbọ̀," ṣùgbọ́n kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé màá lọ sílé, màá kúnlẹ̀, màá sọ ọ́. Ó di iléyá. Iléyá kọjá. Mo ní tí orúnkún bá sàn.

Ọjọ́bọ̀ kan, lọ́sàn-án, fóònù dún. Ọjọ́bọ̀ kọ́ ni ọjọ́ rẹ̀. Ráfátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

*

A dé ilé. Láàárọ̀, Alhaja Mọ́díná tó ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò ní kí n wá kún àwọn lọ́wọ́, nítorí èmi ni àgbà ìyàwó. Ó ní aṣọ wo la máa fi bò ó bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Mo yọ aṣọ búlúù yẹn nínú báàgì mi. A tẹ́ ẹ lé e. Ó bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó kù díẹ̀ létí.

"Ó ṣe rẹ́gí," Alhaja ní. "Ẹ gbọ́ o, ohun tí ojú wa bá rí lára òkú, inú yàrá yìí la ó fi í sí. Bíbò là ń bo òkú."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fún mi. Mo ń da omi sí i, mo ń wò ó. Mo ń rò ó pé ọdún mélòó ni òkú yìí fi bo alààyè.

Nígbà tí a jáde, àwọn obìnrin ilé jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ṣíkírù, ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé tẹ̀ lé mi, rí mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ìyàwó tó gbàgbé orúkọ ọkọ dé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó tuntun wọ̀nyí, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu onítàn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ráfátù jókòó láàárín wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún sọ ọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, òótọ́ á bá Eyínfúnjowó wọ sàréè, èmi á sì di ìyàwó rere títí ayé.

Mo ní, "Sàfúrátù. Sàfúrátù Àbẹ̀kẹ́."

"Èèwọ̀!" Ìyá Ṣíkírù pariwo. "Ìyàwó ń pe orúkọ ọkọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo wọlé yìí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó sọ orúkọ tó ń jẹ́, ó tún sọ orúkọ tí mo sọ ọ́. Mo gbọ́ méjèèjì. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Yàrá mẹ́rin tó jẹ́ ọ̀kan. Àga tí mo ń sùn sí. Kọ́tìnnì tí kò sí. Bó ṣe dúró ní géètì tó ń ka fèrèsé, tí mo sá sẹ́yìn kó má baà rí mi. Múfú dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́. Ìyá Ṣíkírù fi gèlè nu ojú, ó yí i sí ògiri.

Ráfátù ló sọ̀rọ̀.

"Wọn ò lè rí yín, Màmá."

"Hẹ̀n?"

"Ojú wọn ti ń lọ kó tó dìgbà náà. Ìwé dókítà ojú ló gbé wọn wá sí Ìkẹjà, ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ lọ rí i. Wọ́n ní àwọn á sùn ní yàrá àwọn, kí àwọn lè tètè débẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Títí wọ́n fi kú, òjìji lásán ni wọ́n ń rí." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ etí ìró rẹ̀. "Wọn ò lè rí àjà kejì, kí á tó wá sọ kọkànlá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo bi wọ́n pé, ṣé wọ́n rí yàrá náà. Wọ́n ní, 'Mo rí fèrèsé rẹ̀, Ráfátù. Kọ́tìnnì rẹ̀ búlúù.'"

Wọ́n gbé e jáde kọjá láàárín wa. Àwọn ọkùnrin tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a sin ín, lẹ́yìn ìrun, sí ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.